Ogún Ni, Ègún Kọ́

Nínú gbogbo ìtàn tí ń ba àwọn ènìyàn wa lẹ́rù, kò sí èyí tí ó burú tó ìtàn ègún ìdílé. Baba ńlá kan ṣe aláìṣẹ̀ ní ibi, ẹni náà sì gégùn-ún fún ìran rẹ̀. Láti ìgbà náà wá, ọmọ kì í dàgbà nínú ilé náà. Ìyá yóò lá àlá pé àwọn ọmọ kan dúró lábẹ́ ìrókò, wọ́n ń pe ọmọ òun síbi eré. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ọmọ yóò máa ké nítorí ìrora ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Kò sì ní pẹ́ tí yóò fi kú.

Àwa kò fẹ́ kí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ parun. D. O. Fágúnwà ti fi hàn wá láti ọdún 1938, nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, pé ohun ẹ̀rù lè dùn ún kà. Ohun tí àwa kọ̀ ni kí a fi ìtàn ṣe adájọ́ lẹ́bàá ibùsùn ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Ibẹ̀ ni a ti ń fi abẹ kọ òkú ọmọ lára kí ó má baà padà wá. Ibẹ̀ ni a sì ti ń pe ìyá àgbà tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ní àjẹ́. Ní ti àlá, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, kí ni ì bá tún lá?

Àwọn àgbà wí pé àbíkú sọ olóògùn di èké. Ibà àti èéyi ni ó pa púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a pè ní àbíkú. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀jẹ̀ ni àìsàn ti àwọn mìíràn wà, èyí tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ní ọdún 1910, oníṣègùn James Herrick ní Chicago kọ̀wé nípa ẹ̀jẹ̀ tí ó tẹ̀ bí dòjé. Ní ọdún 1949, James Neel fi hàn pé baba àti ìyá ni wọ́n jọ ń fi í lé ọmọ lọ́wọ́. Ẹni tí ó gbà á láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo ni AS. Ara rẹ̀ a máa le. Ẹni tí ó gbà á láti ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì ni SS. Bí AS méjì bá fẹ́ ara wọn, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìpín 1 nínú 4 ni pé kí ọmọ jẹ́ SS. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ènìyàn 1 nínú 4 ni ó jẹ́ AS.

Kì í ṣe ohun àjèjì ni a ń bẹ̀ yín sí. Kí ìgbéyàwó tó wáyé, àwọn baba wa a máa wádìí bóyá àrùn kan wà nínú ìdílé àfẹ́sọ́nà. Ìwádìí kan náà ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Kí àwọn ọ̀dọ́ ṣe é kí ọ̀rọ̀ tó di ti ìdána. Ọmọ tí a sì ti bí ní SS, ẹ má ṣe gbé e lọ síbi ètùtù. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, níbi tí a ó ti dáàbò bò ó lọ́wọ́ ibà, tí a ó sì fún un ní oògùn tí kì í jẹ́ kí àìsàn mìíràn tètè wọlé sí i lára. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ó ti dàgbà, tí wọ́n sì ti bí ọmọ tiwọn.