Onílé, ọjọ́ mẹ́jọ kì í ṣe ìkìlọ̀

Ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé ni mo gbé wá lónìí. Bí ó bá ta bàbá tàbí ìyá kan létí, ẹ forí jì mí, ṣùgbọ́n mi ò ní gbé e mì.

Àṣà burúkú kan ti wọ àárín wa. Onílé á kan ilẹ̀kùn ayálégbé láàárọ̀: "Ọmọ mi ń bọ̀ láti Kútọnu, mo fẹ́ gba yàrá mi. Kó jáde kí oṣù tó parí." Oṣù sì ku ọjọ́ mẹ́jọ! Kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí. Bí ayálégbé bá bẹ̀bẹ̀ fún àyè, wọ́n á gé iná, wọ́n á yọ ilẹ̀kùn.

Wọ́n á ní, "Ilé mi ni, owó mi ni mo fi kọ́ ọ." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ti gba owó lé e lórí. Ẹni tó gbowó ilé kò lè ṣe bí ẹni tó gba àlejò sùn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Yàrá tí owó rẹ̀ jẹ́ 15.000 sẹ́fà lóṣù, bí onílé tuntun bá gba oṣù mẹ́ta ṣáájú, 45.000 nìyẹn. Owó démarcheur ń bẹ lọ́tọ̀, owó ọkọ̀ tí yóò kó ẹrù ń bẹ lọ́tọ̀. Ẹni tó ń wa zémidjan, tàbí ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lọ́jà, níbo ni yóò ti rí i láàárín ọjọ́ mẹ́jọ? Àwọn ọmọ tó wà nílé ìwé ńkọ́? Owó caution tó wà lọ́wọ́ yín ńkọ́?

Àwọn kan á ní, "Bí mo bá fún un ní oṣù mẹ́ta, á jẹ oṣù mẹ́ta mọ́ mi lọ́wọ́." Ọ̀rọ̀ gbèsè yàtọ̀. Ẹni tó jẹ yín ní gbèsè, ẹ kọ̀wé sí i, ẹ gbé e lọ sílé ẹjọ́. Láti 2018 ni Benin ti ní òfin lórí ọ̀rọ̀ ilé yíyá. Ilé ẹjọ́ ló lè pàṣẹ pé kí wọ́n fipá lé ènìyàn jáde, kì í ṣe òòlù onílé. Ẹ má fi ìyà ajigbèsè jẹ ẹni tó ń san owó rẹ̀ déédéé.

Ẹ̀yin ayálégbé náà, ẹ gbọ́ tiyín. Ẹni tó kó ẹrù lóru, tó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò sàn ju onílé yẹn lọ. Ẹ sọ fún onílé kí ẹ tó lọ, kí òun náà lè wá ẹlòmíràn.

Ohun tí mo ń bèèrè kò le. Kí onílé kọ ìwé méjì tó bára mu: ọjọ́ tó kọ ọ́, ìdí rẹ̀, ọjọ́ tí ayálégbé yóò jáde. Kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Bí ẹnìkan kò bá mọ̀wé, kí wọ́n kà á fún un ní Yorùbá níwájú ẹlẹ́rìí, kó tẹ̀ka. Lójú tèmi, oṣù mẹ́ta ló tọ́. Lọ́jọ́ tí kọ́kọ́rọ́ bá padà, kí wọ́n jọ wo ilé, kí owó caution padà lọ́jọ́ náà.

Bí a bá lé ewúrẹ́ kan ògiri, á yíjú padà bunijẹ. Onílé òní, ọmọ rẹ̀ lè jẹ́ ayálégbé lọ́la ní Kútọnu tàbí ní Èkó. Ohun tí ẹ kò ní fẹ́ kí wọ́n ṣe sí i níbẹ̀, ẹ má ṣe é sí ọmọ ẹlòmíràn níbí.