Ẹ má fín oògùn pa ọ̀rẹ́ ẹ̀gẹ́ yín o!

Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, kòkòrò tíńtín aláwọ̀ ewé á máa fa omi ewé ẹ̀gẹ́ mu, ewé á kéré, á ní àmì rúsúrúsú. Ọ̀pọ̀ wa á sáré gbé pọ́ǹpù oògùn kọ́rùn. Lójú tiwa, àṣìṣe ni.

Ní 1993, IITA tú kòkòrò kan tí wọ́n mú wá láti Brazil sílẹ̀ ní Benin. Ó ti wọ Nàìjíríà náà. Góńgó orí ẹ̀gẹ́ ló máa ń sá sí lọ́sàn-án, tílẹ̀ bá ṣú, á jáde lọ jẹ kòkòrò burúkú yẹn. Kò gba owó lọ́wọ́ ẹnì kankan. Oògùn tá a bá fín, òun náà ló ń pa; ọ̀tá á padà wá, ọ̀rẹ́ ò ní sí mọ́. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ ẹ̀.