Oríyìn fún Àwọn Tó Fi Ṣúgà Dẹ Pàkúté fún Ikọ́ Ife

Ọmọ ilẹ̀ Burundi kan wà tó yẹ kí gbogbo ilé tí ikọ́ ife ti yọ lẹ́nu rí mọ orúkọ rẹ̀. Mireille Kamariza ni. Onímọ̀ kẹ́mísírì ni. Lọ́dún 2018, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde nínú Science Translational Medicine. Wọ́n fi hàn níbẹ̀ pé ṣúgà kékeré kan tí a so aró mọ́ lè tú àṣírí kòkòrò ikọ́ ife nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ aláìsàn. Iṣẹ́ náà wú wa lórí púpọ̀. Ṣùgbọ́n a kò fẹ́ kan sáárá sí ohun tí a kò yẹ̀ wò, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ṣe.

Ẹni tó bá ti ń wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tó sì lọ sí ọsibítù, wọ́n á fún un ní ike pé kó tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sí i. Ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò á mú díẹ̀ níbẹ̀, á fi pa ojú gíláàsì pẹlẹbẹ, á jẹ́ kó gbẹ, á da aró pupa lé e, á fi iná sí i lábẹ́, á fi ásíìdì fọ̀ ọ́, á tún da aró búlúù sí i, á tún fi omi ṣàn án, kó tó wá gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ziehl àti Neelsen, ará Jámánì méjèèjì, ni ọ̀nà yìí ń jẹ́ orúkọ wọn. Kò pẹ́ púpọ̀ tí Robert Koch kéde lọ́dún 1882 pé òun ti rí kòkòrò tó ń fa àìsàn náà ni ọ̀nà ọ̀hún dé. Ẹ̀mí tó ti gbà là kò lóǹkà, a ò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Àmọ́ aró náà kò mọ òkú kòkòrò yàtọ̀ sí alààyè. Aláìsàn tó ti ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí kòkòrò inú ẹ̀dọ̀fóóró rẹ̀ ti ń kú lọ, ojú gíláàsì rẹ̀ ṣì lè pupa. Ẹ̀rọ GeneXpert tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí lọ́dún 2010 yára ju èyí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n DNA lòun náà ń wá, òkú kòkòrò sì ní DNA.

Ibí ni ṣúgà ti wọlé. Trehalose ni wọ́n ń pè é, ó wà nínú olú tí à ń sè jẹ. Ara ọmọ ènìyàn kì í ṣe é. Kòkòrò ikọ́ ife ní tirẹ̀ kò lè rí ayé gbé láìsí i, nítorí òun ló fi ń mọ èèpo ara rẹ̀, èèpo olọ́ràá tó nípọn, tí oògùn kì í tètè wọ̀. Bí kòkòrò náà bá ti rí trehalose nítòsí, á kó o, á so ọ̀rá mọ́ ọn, á fi tún ara ṣe. Kamariza wá so aró kan mọ́ ṣúgà yìí, ó fi í síwájú kòkòrò, kòkòrò sì kó o tàwọ̀tàwọ̀.

Aró tó yàn gan-an ni ọgbọ́n ibẹ̀. Àwọn ìyá aládìrẹ l'Abẹ́òkúta mọ̀ pé aṣọ kì í jáde nínú ìkòkò aró ní àwọ̀ búlúù. Ó máa ń rí bí ewé, ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ló ń yí padà. Aró Kamariza náà ń wo ibi tó bá ara rẹ̀ kó tó fara hàn. Nínú omi, kò fi bẹ́ẹ̀ tàn. Bó bá ti bọ́ sínú ọ̀rá, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á fi ìlọ́po tó lé ní 700 pọ̀ sí i. Nítorí náà, èyí tó ṣẹ́kù nínú omi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kò dí ẹnikẹ́ni lójú, kò sí pé à ń fọ̀, kò sí pé à ń ṣàn. Èyí tí kòkòrò ti fi ṣe èèpo nìkan ló ń tàn yòò, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Òkú kòkòrò kì í jẹun, nítorí náà kì í tàn. Wọ́n fi iná pa àwọn kan láti dán an wò, ìmọ́lẹ̀ kò wá. Wọ́n fún àwọn mìíràn ní oògùn ikọ́ ife, ìmọ́lẹ̀ wọn dín kù. Pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Witwatersrand ní Johannesburg, wọ́n gbé e dé orí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àwọn aláìsàn gidi, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì rẹ̀yìn sí ti auramine, aró tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀.

Irú iṣẹ́ báyìí kì í ṣàdédé hù. Ó lé ní ogún ọdún tí ọ̀gá Kamariza, Ọ̀jọ̀gbọ́n Carolyn Bertozzi, ti ń ṣán ọ̀nà rẹ̀, ní Berkeley kó tó di Stanford. Ṣúgà lòun náà ń tọ̀ lẹ́yìn. Ojú sẹ́ẹ̀lì ara wa kún fún un, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti rí i nínú ohun abẹ̀mí. Kẹ́mísírì tí wọ́n fi ń so èròjà pọ̀ nígbà náà, inú ìgò ló mọ́ jù: ká fi iná sí i, ká fi ásíìdì sí i, ká lé omi kúrò. Ta ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn? Bertozzi ń wá èròjà méjì tí yóò rí ara wọn nínú sẹ́ẹ̀lì alààyè, tí wọ́n á so pọ̀, tí wọn kò sì ní pa ohunkóhun lára níbẹ̀. Ó mú azide, ìyẹn náítírójìn mẹ́ta tó tò tẹ̀léra, ó so ó mọ́ ṣúgà, ó fún sẹ́ẹ̀lì jẹ. Lọ́dún 2002, Barry Sharpless àti Morten Meldal, kálukú láyè tirẹ̀, rí i pé bàbà lè mú kí azide so mọ́ èròjà kejì rẹ̀ wéré. Ọ̀nà náà dára, àmọ́ májèlé ni bàbà fún sẹ́ẹ̀lì.

Ohun tí Bertozzi ṣe lẹ́yìn èyí ló dùn mọ́ wa jù. Ó padà sídìí ìwé àtijọ́. Lọ́dún 1961, Wittig àti Krebs ní Jámánì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òrùka carbon mẹ́jọ kan tí a fi agbára tẹ̀ kọrọdọ, bó bá pàdé azide, ńṣe ló dà bí ìgbà tí nǹkan bú gbàù. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti kọ ọ́ nígbà tó fi rí i. Lọ́dún 2004, Bertozzi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mú òrùka náà dé ojú sẹ́ẹ̀lì alààyè, láìlo bàbà rárá, sẹ́ẹ̀lì kò sì kú. Lọ́dún 2008 wọ́n fi wo ṣúgà bó ṣe ń yọ lára ọmọ ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà. Lọ́dún 2022, òun, Sharpless àti Meldal jọ gba Ẹ̀bùn Nobel. Ó tọ́ sí wọn.

Láàárín èyí, lọ́dún 2012, yàrá ìwádìí rẹ̀ ti so azide mọ́ trehalose, kòkòrò sì ti jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó ṣì ku kí á tún gbé aró wá lẹ́yìn, kí á sì fọ èyí tó ṣẹ́ kù dànù. Ní Berkeley, ìyẹn kì í ṣe wàhálà. Ní ilé ìlera alábọ́dé tí omi ẹ̀rọ kì í dé déédéé, wàhálà ni. Ọmọ Áfíríkà ló wá sọ ìgbésẹ̀ méjì di ẹyọ kan, a kò sì rò pé ó ṣèèṣì.

Ọmọ ọdún 17 ni Kamariza nígbà tó dé ìlú San Diego ní Amẹ́ríkà. San Diego Mesa College ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí Saloua Saidane, olùkọ́ kẹ́mísírì tó wá láti Tùnísíà, ti rí ẹ̀bùn tó wà lára rẹ̀ tó sì tì í lẹ́yìn. Orúkọ olùkọ́ báyìí kì í sábà wọ ìwé ìròyìn. A kí i tọwọ́tẹsẹ̀.

Ikọ́ ife ń pa ju mílíọ̀nù kan ènìyàn lọ lọ́dọọdún, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ẹrù rẹ̀ wúwo lé lórí jù lọ. Tálákà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń pa, owó tabua kò sì sí nínú àìsàn tálákà. Ẹni tó ní irú ọpọlọ yìí, tó lè fi í wá ọrọ̀ níbòmíràn, tó wá jókòó ti kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ó yẹ kí á dìde fún un.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Kamariza, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bertozzi, ọmọ tí ẹ kọ́ yìí kò dójú tì yín. Ọwọ́ yín kò ní rọ. Bí ẹ bá sì ń wá ibòmíràn tí ẹ ó ti dán aró yìí wò, ilé ìwádìí ìṣègùn ìjọba àpapọ̀, NIMR, wà ní Yábàá l'Ékòó, àwọn tó mọ tinú tẹ̀yìn ikọ́ ife sì wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀.