Kí Ìkìlọ̀ Dé Kí Àgbẹ̀ Tó Gé Igi Ẹ̀gẹ́

Oko ẹ̀gẹ́ lè dúró dáadáa lójú, kí olóko ti máa ṣírò iye àpò gàrí tí yóò ti ibẹ̀ jáde. Ọjọ́ tó bá hú u, tó fi ọ̀bẹ la iṣu rẹ̀, ló tó mọ̀: inú rẹ̀ ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú níhìn-ín lọ́hùn-ún, ó le gbagidi, kò ṣeé rin. Àrùn tí àwọn onímọ̀ ń pè ní CBSD nìyẹn; fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Ní 1936 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní Tanganyika, tó di Tanzania lónìí. Láti 2004 ló ti gun orí ilẹ̀ gíga Uganda, ó sì ti wọ Kóńgò. Kò sí orílẹ̀-èdè tó ń gbin ẹ̀gẹ́ tó Nàìjíríà láyé. Ó tọ́ kí ẹ̀rù àrùn yìí bà á.

Irinṣẹ́ ìṣọ́ ti wà. Áàpù Nuru, tí PlantVillage ní yunifásítì Penn State àti ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn IITA jọ ṣe, ń fi kámẹ́rà fóònù wo ewé ẹ̀gẹ́, ó sì ń sọ àrùn tó fura sí, kódà níbi tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ètò WAVE, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Bingerville ní Côte d'Ivoire, tó sì ní ẹ̀ka ní Covenant University ní Ọ̀tà, ń yẹ oko wò káàkiri kí wọ́n lè ya máàpù àrùn. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni ìkìlọ̀ inú máàpù ń dé etí àgbẹ̀?

Àwọn àrùn kòkó kan wà tí wọ́n lè fín oògùn sí. Ẹ̀gẹ́ tí fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ lára kò ní oògùn. Eṣinṣin funfun tín-ín-tín tó ń gbé fáírọ́ọ̀sì CBSD kì í gbé e lọ jìnnà. Èèyàn ló ń gbé e jìnnà, nínú ìtì igi ẹ̀gẹ́ fún gbígbìn tí wọ́n so sẹ́yìn ọ̀kadà. Nítorí náà, ìpinnu tó ṣe pàtàkì jù lọ́wọ́ àgbẹ̀ ni èyí tó ń ṣe nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá kù díẹ̀ kó dé: oko ta ni yóò ti gé igi? Lásìkò yẹn gan-an ló yẹ kí ìkìlọ̀ jáde, ní Yorùbá, lórí rédíò àti lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn, kó dárúkọ ibi tí igi rẹ̀ kò yẹ ní rírà, kó sì tọ́ka ibi tí èyí tó dára wà. Àgbẹ̀ tí wọ́n ní kó má gé igi aládùúgbò rẹ̀, tí wọn ò tọ́ka ibòmíràn fún, yóò gé e. IITA ti ṣe Cassava Seed Tracker, tí NASC, àjọ tó ń bójú tó irúgbìn ní Nàìjíríà, ń lò fún ìforúkọsílẹ̀ àwọn tó ń ṣe igi ẹ̀gẹ́ títà. Kí wọ́n so ó pọ̀ mọ́ máàpù àrùn.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fi àwòrán ewé oko rẹ̀ ránṣẹ́ ń fi ọjà rẹ̀ wewu, torí bí orúkọ abúlé rẹ̀ bá ti hàn lórí máàpù, kò sẹ́ni tó máa ra igi rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní kó hú oko dànù ni kí ìjọba fún un ní igi tuntun lọ́fẹ̀ẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn tó rí àrùn yóò dákẹ́, máàpù yóò sì máa pe ibi tó ti wà ní ibi tí kò séwu.