Igbó Ta Ni Wọ́n Fẹ́ Ju Bọ́ǹbù Sí?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi òṣìṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìpàdé wa tó kọjá.

Nígbà tí a dé orí ọ̀rọ̀ àwọn agbébọn ní ìpàdé náà, ọ̀kan nínú wa dìde, ó ní ọ̀rọ̀ náà kò le rárá. Ó ní inú igbó ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí àwọn bàbá wa ń pè ní Dàhọ̀mì, ni wọ́n ti ń wá. Kí ọkọ̀ òfurufú àwọn ṣọ́jà wa kọjá bódà, kí ó lọ ju bọ́ǹbù sí wọn lórí níbẹ̀, ó parí. Ó ní òfin àgbáyé fún wa láyè, pé ẹni tí wọ́n bá kọ lù lẹ́tọ̀ọ́ láti gbèjà ara rẹ̀. Ẹlòmíràn tún ní bí tiwa kò bá lè ṣe é, kí Amẹ́ríkà bá wa ṣe é. Gbogbo yàrá pàtẹ́wọ́. Kí n má purọ́, ọwọ́ èmi náà ti gbéra kí n tó rántí pé aṣojú yín ni mí.

N kò dá ẹni tó sọ̀rọ̀ náà lẹ́bi. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní 2026, àwọn agbébọn kọ lu ọ́fíìsì àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà igbó ìjọba àpapọ̀ ti Ọ̀yọ́-Ilé ní Oloka, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríire, wọ́n sì pa ẹ̀ṣọ́ 5. Òṣìṣẹ́ bíi tèmi bíi tìrẹ ni wọ́n; owó oṣù ni wọ́n ń gbà. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì, wọ́n wọ Woro ní agbègbè Kaiama ní Kúwárà, òkú tí wọ́n kà níbẹ̀ ju 160 lọ. Ẹ mọ̀ bí Kaiama ti súnmọ́ Kíṣí tó. Ní oṣù Kẹwàá 2025 sì ni ẹgbẹ́ JNIM, tó ti ń jà ní Mali àti Burkina Faso, kéde pé àwọn ti kọ lu ṣọ́jà ní Kúwárà, pé ìgbà àkọ́kọ́ wọn nìyẹn ní Nàìjíríà. Ẹni tí ẹ̀rù kò bà nínú wa, kò gbé Òkè-Ògùn ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo òfin tí ọ̀rẹ́ wa ń tọ́ka sí. Abala 51 ni, nínú Ìwé Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tí wọ́n fọwọ́ sí ní San Francisco ní 1945. Mo ti kà á. Ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ni mo ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí mo mọ̀, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Ó ní bí wọ́n bá fi ohun ìjà kọ lu orílẹ̀-èdè kan, kò sí ohun tó gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti gbèjà ara rẹ̀, ní òun nìkan tàbí pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn, títí Ìgbìmọ̀ Ààbò yóò fi dá sí i. Ó sì gbọ́dọ̀ fi ohun tó ṣe tó Ìgbìmọ̀ náà létí lójú ẹsẹ̀. Abala náà kò sọ ẹni tó kọ luni. Kò sọ bóyá ìjọba ni tàbí àwọn jàǹdùkú inú igbó. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà àwọn amòfin wà, ó sì ti pẹ́.

Ó pẹ́ ju Àjọ náà fúnra rẹ̀ lọ. Ní oṣù Kejìlá 1837, àwọn ọlọ̀tẹ̀ kan ń bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jà ní Kánádà, ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Caroline sì ń kó ènìyàn àti ohun ìjà lọ bá wọn láti etí odò Amẹ́ríkà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọjá odò Niagara lóru, wọ́n gba ọkọ̀ náà nínú èbúté Amẹ́ríkà, wọ́n dáná sun ún, wọ́n tì í kí omi gbé e lọ. Amẹ́ríkà gbaná jẹ. Daniel Webster, mínísítà wọn fún ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè, kọ̀wé pé ẹni tó bá ṣe irú èyí gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọ̀ràn náà ti kánjú dé ibi tí kò sí ọ̀nà mìíràn, tí kò sí àyè láti ronú, kí ohun tó ṣe má sì ju bí ó ti yẹ lọ. Ọ̀rọ̀ rere ni. Àwọn amòfin ṣì ń tọ́ka sí i títí dòní.

Ẹ wá wo Amẹ́ríkà kan náà. Ní oṣù Kẹsàn-án 2014, nígbà tí ó ń ju bọ́ǹbù sí Syria láìjẹ́ pé ìjọba ibẹ̀ pè é, ó kọ̀wé sí Àjọ Àgbáyé pé àwọn agbésùnmọ̀mí ń ti ibẹ̀ kọ lu Iraq, pé ìjọba Syria kò fẹ́ tàbí kò lè dá wọn lẹ́kun. Kò fẹ́ tàbí kò lè. Ẹ kà á jáde létí ara yín. Ọ̀rọ̀ yìí kò sí nínú Abala 51. Àwọn alágbára ló mú un wá, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò sì tíì gbà á.

Ta ni yóò wá dájọ́ pé ẹnì kan kò lè? Ẹni tó ni bọ́ǹbù ni. Òun ni olùfisùn, òun ni adájọ́, òun náà ni ó mú pàṣán lọ́wọ́. Àwa òṣìṣẹ́ mọ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà kan, irin iṣẹ́ sọnù lóru. Ènìyàn méjì ni gbogbo wa fura sí. Àwọn ọ̀gá ní àwọn òṣìṣẹ́ kò fẹ́ fa olè lé àwọn lọ́wọ́, tàbí pé a kò lè fà á, ni wọ́n bá gé owó oṣù gbogbo ẹ̀ka wa, títí kan obìnrin tí ń gbálẹ̀ tí kì í wọ yàrá irin rárá. Oṣù mẹ́ta ni a fi jà kí a tó gba owó náà padà. Láti ìgbà náà, bí mo bá gbọ́ "kò fẹ́ tàbí kò lè," èmi a béèrè ta ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ Áfíríkà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ nínú ọ̀ràn yìí. Uganda kó ogun wọ Congo ní 1998, ó ní àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí ń kọ lu òun ń fi igbó ibẹ̀ ṣe ibi ìsádi, pé òun ń gbèjà ara òun ni. Congo gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague. Ní 2005, ilé ẹjọ́ náà dá a pé kò sí ẹ̀rí pé ìjọba Congo ló wà lẹ́yìn ìkọlù àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà, nítorí náà Uganda kò lè fi gbígbèjà ara ẹni bojú. Lóòótọ́, ilé ẹjọ́ náà yẹra fún ìbéèrè tó tóbi jù, èyíinì ni ìgbà tí ẹgbẹ́ agbébọn tí kì í ṣe ti ìjọba bá kọ luni lọ́nà ńlá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn ṣọ́jà tó lọ gbèjà ara ṣe: wọ́n pa ará ìlú, wọ́n sì kó wúrà àti dáyámọ́ńdì. Ní 2022, ilé ẹjọ́ ní kí Uganda san dọ́là 325 mílíọ̀nù.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ṣé Bẹ̀nẹ̀ kò fẹ́ lé àwọn agbébọn ni? Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin 2025, ṣọ́jà wọn 54 ni wọ́n pa ní ọjọ́ kan ṣoṣo ní apá àríwá, níbi tí ọgbà igbó W àti Pendjari wà. Orílẹ̀-èdè kékeré ni. Ẹni tó sin ọmọ 54 kì í ṣe ẹni tí kò fẹ́. Bóyá ẹ ó ní kò lè. Ó dáa, àwa ńkọ́? Ta ló ń ṣọ́ igbó Kainji? Ta ló ń ṣọ́ ọgbà Ọ̀yọ́-Ilé, tí fífẹ̀ rẹ̀ ju 2,500 kìlómítà níbùú-lóròó lọ, tó na láti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rì dé Ìgbẹ́tì? Àwọn 5 tí wọ́n pa ní Oloka ló ń ṣọ́ ọ.

Ìyẹn ni pé lọ́jọ́ tí a bá gbà pé ẹni tí kò lè ṣọ́ igbó rẹ̀ ti sọ ọ́ di ojú bọ́ǹbù ẹlòmíràn, a ti fi igbó tiwa gan-an tọrẹ. Bí Bẹ̀nẹ̀ bá ní àwọn tó pa ṣọ́jà òun sá wọ Kainji, kí ni a ó sọ? Bí alágbára kan láti òkèèrè bá ní òun rí àgọ́ wọn nítòsí Ìgbòho, ta ni yóò wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí bọ́ǹbù bá dé? Àwọn ìyá wa tí ń wọ igbó wá èso òrí ni, àti àgbẹ̀ oníṣu tó sun oko mọ́jú. Ojú òfurufú kò mọ ẹni tó gbé àdá àti ẹni tó gbé ìbọn. Ní oṣù Kìíní 2017, ọkọ̀ òfurufú àwọn ṣọ́jà tiwa ju bọ́ǹbù sí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Rann, ní Borno. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 2023, wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọn tí ń ṣe Mọ́lúdì ní Tudun Biri ní Kaduna, òkú lé ní 80. Àṣìṣe ni wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ọmọ ilẹ̀ wa ló sì wakọ̀ náà o, kì í ṣe àjèjì.

Ẹnì kan yóò ní, ṣebí ọkọ̀ òfurufú wa lọ sí Bẹ̀nẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 2025? Ó lọ. Àwọn ṣọ́jà kan fẹ́ gbàjọba ní Kútọnu, ìjọba ibẹ̀ sì bẹ Nàìjíríà fún ìrànlọ́wọ́. Ní ọjọ́ 9, Sẹ́nétọ̀ fọwọ́ sí i pé kí ṣọ́jà wa lọ. Ọ̀ràn yẹn kò kan Abala 51 rárá. Àlejò tí wọ́n pè ni wa lọ́jọ́ náà, a kò já ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Amẹ́ríkà ní ọjọ́ Kérésìmesì 2025: ìjọba wa sọ pé àwọn fọwọ́ sí i kí wọ́n tó ju ohun ìjà sí Ṣókótó. Òfin lè gbà á. Ṣùgbọ́n àfọ́kù ohun ìjà náà balẹ̀ sí Ọ̀fà. Ẹ bi àwọn awakọ̀ wa bí Ṣókótó ti jìnnà sí Ọ̀fà tó, kí ẹ tó tún pàtẹ́wọ́.

Ṣé kí a wá káwọ́ lẹ́rán? Rárá o. Ẹni tí apànìyàn bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní òfin tirẹ̀, kì í ṣe ti San Francisco. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 33, gbà pé ènìyàn lè lo agbára tó yẹ láti gba ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn lọ́wọ́ ìkọlù tí kò bófin mu. Lórí ìyẹn ni mo fi ti Àmọ̀tẹ́kùn lẹ́yìn láti oṣù Kìíní 2020 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, mo sì tún ń tì í lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n agbára tó yẹ ni òfin wí. Ẹ̀yin tí ẹ sọ lẹ́yìn ìpàdé pé kí a lọ sun gáà àwọn Fúlàní nítorí pé èdè wọn ni àwọn agbébọn ń sọ, ẹ ti di Uganda nìyẹn. Ìyá oníwàrà tó ń kiri ní ọjà Ṣakí kò pa ẹnikẹ́ni ní Oloka.

Ohun tó lè ràn wá lọ́wọ́ nira díẹ̀, kò sì dún bíi bọ́ǹbù. Láti 2015 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ti fọwọ́ sí ẹgbẹ́ ọmọ ogun àjùmọ̀ní tí ń bá Boko Haram jà lágbègbè adágún Chad: Nàìjíríà, Chad, Cameroon, Niger àti Bẹ̀nẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Niger jáde ní 2025, ṣùgbọ́n Bẹ̀nẹ̀ ṣì mọ ọ̀nà náà. Èé ṣe tí a kò fi lè bá a ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ láti Òkèrètè dé Bàrùtẹ̀n, tí yóò sọ ẹni tó lè lé ọ̀daràn kọjá bódà, ibi tí yóò lé e dé, àti ẹni tí yóò kọ́kọ́ pè? Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló fa ìlà tó gba Borgu kọjá ní 1898. Àna wa wà ní Ṣábẹ̀ẹ́. Bàbá àgbà tó wà ní òdìkejì mọ àjèjì tó wọ igbó rẹ̀ kí ọkọ̀ òfurufú tó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò ní sọ fún ẹni tó ju bọ́ǹbù sí oko rẹ̀.

Nítorí náà, ní ìpàdé tó ń bọ̀, mo fẹ́ kí ẹ̀ka wa kọ̀wé sí àwọn aṣojú wa ní Ìbàdàn àti ní Àbújá lórí àdéhùn yìí. Mo tún fẹ́ kí a fẹnu kò pé a kò ní gbà kí wọ́n rán òṣìṣẹ́ kankan lọ sí ibùdó inú igbó ní òun nìkan, tàbí láìsí rédíò tó lè fi pe ènìyàn. Ẹnikẹ́ni tó bá kú sẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ̀ka wa tẹ̀ lé ẹbí rẹ̀ títí owó tí òfin 2010 lórí ìtanràn òṣìṣẹ́ sọ yóò fi tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ takò mí, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó fi lé akọ̀wé lọ́wọ́ ṣáájú ọjọ́ ìpàdé. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni a ó bẹ̀rẹ̀, kí àwọn ará Kíṣí lè tètè padà kí ilẹ̀ tó ṣú.