ÌṢIRÒ ILÉ: Kí A Tó Ní Ọmọ Ló Ba Géèmù Jẹ́

Ọ̀rọ̀ owó ilé la máa ń sọ lójú ewé yìí, ti bátìrì géèmù ọwọ́ la sì mú wá lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Owó tí a fi ra ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe kékeré, ariwo tó ń dá sílẹ̀ nílé náà kì í ṣe kékeré. Bó bá ti ń yára kú, Mọ́mì á ní, "Ìwọ lo bà á jẹ́!" Ọmọ á ní òun ò ṣe nǹkan kan. Dádì á ní òun ò ra òmíràn. Àwa rò pé ó yẹ kí a ṣírò kí a tó dájọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ra Game Boy fọ́mọ láyé ọdún 1990, ẹ ó rántí pé bátìrì kéékèèké mẹ́rin ló ń lò. Bó bá tán, a ra mẹ́rin mìíràn, ó parí. Ti òde òní ò rí bẹ́ẹ̀. Bátìrì lithium-ion, irú èyí tí Sony kọ́kọ́ gbé wá sọ́jà ní 1991, ló wà nínú Nintendo Switch, inú ẹ̀rọ ni wọ́n sì dè é mọ́. Bí a ti ń ṣáàjì rẹ̀ tí a sì ń lò ó, agbára rẹ̀ ń dín díẹ̀díẹ̀. Bíi mọ́tò ni: bó ti wù ká tọ́jú rẹ̀ tó, iye rẹ̀ ń wálẹ̀ lọ́dọọdún. Kì í ṣe gbogbo ìgbà lọmọ jẹ̀bi.

Ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ yín rè é, lẹ́yìn iṣẹ́ àṣetiléwá o! Ẹ lọ sí System Settings, kí ẹ̀rọ máa fi nọ́ńbà bátìrì hàn. Ẹ ṣáàjì rẹ̀ dé 100. Ẹ yọ wáyà, ẹ kọ aago sílẹ̀, ẹ máa gbá géèmù kan ṣoṣo, ẹ má yí ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀rọ padà. Bó bá dé 20, ẹ dúró, ẹ tún kọ aago.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan. Nintendo ní Switch ti 2017 á lo bíi wákàtí 3 lórí géèmù Zelda: Breath of the Wild, ti 2019 á lo bíi 5 àtààbọ̀. Láti 100 dé 20, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún la ti ná. Ìdá 80 nínú wákàtí 3 jẹ́ ìṣẹ́jú 144. Bí Switch 2017 tiyín bá lo 108 lórí géèmù yìí kan náà, ẹ fi 144 pín 108: ìdá 75 ló kù. Bátìrì ti ń dàgbà, àmọ́ ó ṣì wúlò. Bí géèmù míì lẹ ń gbá, ẹ kọ ti àkọ́kọ́ sílẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Bó bá wálẹ̀ dé ìdajì, ẹ lọ pààrọ̀ bátìrì. Bátìrì la wí o, kì í ṣe odindi ẹ̀rọ!

Ooru lọ̀tá rẹ̀. Ẹ má ṣáàjì rẹ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí, ẹ má fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ radiator, ẹ má fi í sínú mọ́tò lóòrùn. Ẹ má máa jẹ́ kó kú pátápátá. Bí ẹ ò bá lò ó, Nintendo ní kí ẹ ṣáàjì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán láàárín oṣù mẹ́fà. Bí ẹ bá ń gbé e lọ sílé ní Nàìjíríà, inú báàgì ọwọ́ ni kó wà. Ẹ̀yin tí ẹ ní Switch 2, tó jáde ní 2025, ibì kan wà nínú ètò rẹ̀ tí ẹ lè ní kó dá ṣáàjì dúró ní bíi 90. Ẹ lò ó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ le sí nìyí. Bí ẹ̀yìn ẹ̀rọ bá wú, tí ojú rẹ̀ gbé sókè, tàbí tó ń rùn, ẹ pa á, ẹ má ṣáàjì rẹ̀ mọ́, ẹ má fi ọ̀bẹ tú u. Ó lè gbiná. Ọmọ, sọ fún Mọ́mì tàbí Dádì lójú ẹsẹ̀. Òbí, ẹ má jágbe mọ́ ọn lọ́jọ́ náà. Ọmọ tó ń bẹ̀rù ariwo á tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn lòun fúnra rẹ̀ ń sùn lé lórí.

Àwọn tó ń tún fóònù ṣe pọ̀ ní Rye Lane. Ẹ béèrè iye kí wọ́n tó tú u, ẹ gba rìsíìtì. Ẹ má ju bátìrì àtijọ́ sínú bíìnì, torí bí ọkọ̀ ìdọ̀tí bá tẹ̀ ẹ́ fọ́, iná lè sọ. Láti 2010 ni òfin ti ní kí ṣọ́ọ̀bù tó bá ń ta bátìrì ju kílò 32 lọ lọ́dún máa gba àtijọ́ padà lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó bá wú, ẹ béèrè lọ́wọ́ ibùdó ìdọ̀tí Southwark tó wà ní Devon Street, nítòsí Old Kent Road.

Ìwé kan, bírò kan, aago kan: ó ń pa owó mọ́, ó sì ń pa ìjà. Ẹ bá wa kí gbogbo ilé. Ó dìgbà kan ná o.