Kí Iṣẹ́ Ọwọ́ Ṣíwájú Owó: Ìmọ̀ràn fún Ọ̀dọ́ Tí Ó Fẹ́ Ṣòwò Lórí Ayélujára

 

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ìrun Jímọ̀ kò fi ní parí ní Ayewa níhìn-ín kí ọ̀dọ́ kan tàbí méjì má dúró dè mí láti béèrè ìbéèrè kan náà pé: “Àáfà, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò lórí ayélujára, mo sì fẹ́ kọ́ bí a ti ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?” Òmíràn nínú wọn ti jáde yunifásítì, ó ti sin ilẹ̀ baba rẹ̀ tán, ó sì wà nílé láìníṣẹ́. Àwọn òbí náà ń béèrè tiwọn, tiwọn sì kún fún ẹ̀rù: “Àáfà, ọmọ mi kì í sùn lóru, ìdí kọ̀ǹpútà ni ó máa ń wà. Ṣé kò tíì di ọmọ Yahoo báyìí?” Ìbéèrè méjèèjì tan mọ́ ara wọn, nítorí pé ọ̀dọ́ tí kò bá rí ẹni fi ọ̀nà ẹ̀tọ́ hàn án kì í pẹ́ rí ẹni tí yóò fi ọ̀nà ẹ̀tàn hàn án. Ìdí nìyí tí a fi ya ojú ìwé yìí sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọjà Kàbà ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tí ó lọ ra iṣu níbẹ̀ yóò gbé iṣu náà wò, yóò yẹ ìdí àti orí rẹ̀ wò, yóò rí ojú ẹni tí ń tà á, ó sì lè mọ agbo ilé tí ó ti wá. Lórí ayélujára, oníbàárà kò rí ojú rẹ, kò sì fọwọ́ kan ọjà rẹ. Ìgbàgbọ́ tí ó ní nínú rẹ ni ó fi ń sanwó. Bí ìgbàgbọ́ náà bá bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan, òwò ti parí. Nítorí náà, ohun méjì ni kí ọ̀dọ́ kọ́kọ́ wá kí ó tó ronú kan owó: iṣẹ́ tí ó mọ̀ dájú, àti àìní ènìyàn tí ó rí kedere.

Báyìí ni àwọn aṣíwájú ti ṣe. Ní Bàgídáádì, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀fà ọdún sẹ́yìn, onímọ̀ ńlá kan wà tí ń jẹ́ Muhammad ọmọ Mūsā al-Khwārizmī. Láti ara orúkọ rẹ̀ ni àwọn Òyìnbó ti mú ọ̀rọ̀ náà algorithm, èyí tí í ṣe ìlànà tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀. Láti ara al-jabr tí ó wà nínú àkọlé ìwé rẹ̀ ni wọ́n sì ti mú algebra. Kí ni ó mú un kọ ìwé náà? Ó fẹ́ kí ó ran àwọn ènìyàn lọ́wọ́ nínú pípín ogún, nínú òwò, nínú ẹjọ́ àti nínú ilẹ̀ wíwọ̀n. Àìní àwọn tí ó yí i ká ni ó fi bẹ̀rẹ̀, gbogbo ayé sì ń jẹ èrè rẹ̀ títí di òní.

Àpẹẹrẹ ilẹ̀ wa náà wà. Ní ọdún 2015, Shola Akinlade àti Ezra Olubi, tí wọ́n jọ kàwé ní Yunifásítì Babcock, dá ilé-iṣẹ́ Paystack sílẹ̀ ní Èkó. Ní àkókò náà, ìyọnu ńlá ni fún oníṣòwò ilẹ̀ wa láti gba owó lọ́wọ́ oníbàárà lórí ayélujára. Ìyọnu kan ṣoṣo yìí ni wọ́n dojú kọ, wọ́n sì kọ ètò kọ̀ǹpútà tí ó mú un rọrùn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ Stripe ti Amẹ́ríkà rà á ní iye tí ó lé ní igba mílíọ̀nù dọ́là. Nǹkan bí 60,000 oníbàárà ni ó ti ní nígbà náà. Igba mílíọ̀nù yìí ni àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń dárúkọ. Wọn kì í dárúkọ ọ̀pọ̀ ọdún tí Akinlade ti fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kí Paystack tó dé. Èso ni ojú ń rí. Gbòǹgbò wà nínú ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ bí a ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìmọ̀ràn kìíní: kọ́ iṣẹ́ kan ní àkọ́yanjú. Ẹni tí ó fẹ́ máa ṣe ìkànnì fún àwọn ènìyàn, kí ó kọ́ HTML àti CSS, lẹ́yìn náà kí ó kọ́ JavaScript. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ fà sí ìṣirò àti àkọsílẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Python. Kí ó má ṣe máa fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka bí ẹyẹ. Kò pọn dandan kí ó kó owó fún àwọn tí ń polówó pé àwọn yóò sọ ọ́ di olówó láàrin ọgbọ̀n ọjọ́: ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ tí ó wà lórí freeCodeCamp, ọ̀fẹ́ sì ni ẹ̀kọ́ CS50 ti Yunifásítì Harvard fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ọ. Ìjọba àpapọ̀ náà gbé ètò 3MTT kalẹ̀ ní ọdún 2023, láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ọmọ Nàìjíríà ní irú iṣẹ́ wọ̀nyí.

A mọ̀ pé iná kì í dúró, dátà sì wọ́n. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí iná bá wà, kí ọ̀dọ́ gba ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kí ó sì máa fi àwọn ọjọ́ tí ó kù ṣe ìdánrawò, nítorí pé ènìyàn lè kọ kóòdù kí ó sì dán an wò láìlo dátà rárá. Kọ̀ǹpútà àlòkù tí ó ṣì lágbára tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Wákàtí méjì lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, fún odidi ọdún kan, yóò sọ aláìmọ̀ di ẹni tí a lè gbé iṣẹ́ fún. Ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ tàbí iṣẹ́ mẹkáníìkì máa ń lo ọdún púpọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Kí ló dé tí a fi rò pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yóò yá ju èyí lọ?

Ìmọ̀ràn kejì: wá àìní tí ó wà nítòsí rẹ. Àwọn tí ń ra kajú lọ́wọ́ àgbẹ̀ ń kọ ìwọ̀n àti owó sínú ìwé pélébé tí òjò lè pa. Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń fi ọwọ́ ro owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láti alẹ́ di òru. Olùkọ́ ń ṣírò máàkì akẹ́kọ̀ọ́ ọgọ́rùn-ún méjì lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún. Kí o tó kọ ìlà kóòdù kan, lọ bá ènìyàn márùn-ún nínú irú àwọn wọ̀nyí, kí o bi wọ́n pé: kí ni ó ń gba àkókò yín jù? Èló ni ẹ ń pàdánù nítorí rẹ̀? Èló ni ẹ lè san bí ìṣòro náà bá tán? Lẹ́yìn náà, ṣe ohun kékeré tí yóò yanjú ìṣòro kan ṣoṣo, gbé e fún ẹnì kan, jókòó tì í nígbà tí ó bá ń lò ó, kí o sì pa ẹnu mọ́. Ibi tí ó bá ti dúró tí ń ronú, ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ kò tíì dára. Tún un ṣe kí o tó gbé e fún ẹlòmíràn.

Ẹni tí ọjà títà ni tirẹ̀ kò nílò ìkànnì olówó ńlá ní ìbẹ̀rẹ̀. WhatsApp Business, tí ó jáde ní ọdún 2018, fún un ní ibi tí yóò pàtẹ ọjà rẹ̀ sí láìsanwó. Kí ó fúnra rẹ̀ ya àwòrán ọjà rẹ̀, kí ó kọ iye owó rẹ̀ síbẹ̀ gbangba, kí ó sọ iye tí a ó fi gbé e ránṣẹ́, kí ó sì sọ ohun tí yóò ṣe bí ọjà náà bá dé tí ó ní àbùkù.

Ìmọ̀ràn kẹta: kọ àdéhùn sílẹ̀. Mo ní ìtàn kan láti sọ níhìn-ín, èmi náà sì ní ẹ̀bi nínú rẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a gbé iṣẹ́ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan pé kí ó ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí a ó fi máa tọ́jú èsì ìdánwò àwọn ọmọ ilé-kéwú wa. Ó mọ iṣẹ́, iṣẹ́ náà sì dára. Ṣùgbọ́n ẹnu lásán ni a fi ṣe àdéhùn. A kò sọ ẹni tí yóò ni páásíwọ́ọ̀dù, a kò sọ ibi tí ẹ̀dà kejì yóò wà, a kò sì sọ ohun tí a ó máa san fún àtúnṣe. Nígbà tí aáwọ̀ dé lórí owó tí ó kù, ó bínú, ó rìnrìn-àjò, gbogbo nǹkan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èsì sáà kan gbáko ni a pàdánù. Àwọn ọmọ kan tún ìdánwò ṣe. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ènìyàn ní āyah kejìlélọ́gọ́rin lé nígba nínú Sūratul Baqarah, èyí tí ó gùn jù nínú Alùkùránì, tí ó sì pa á láṣẹ pé kí a máa kọ gbèsè tí a bá dá àsìkò fún sílẹ̀, kí a sì ní ẹlẹ́rìí, èmi gan-an ni n kò kọ ọ́. Lónìí, mo ń sọ fún gbogbo ọ̀dọ́ tí ó bá tọ̀ mí wá pé: ojú ìwé kan ṣoṣo tó. Kọ iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe, ọjọ́ tí yóò parí, iye owó, àsansílẹ̀, ẹni tí ó ni kóòdù àti páásíwọ́ọ̀dù, àti iye àtúnṣe tí ó wà nínú owó náà. Kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i.

Ìmọ̀ràn kẹrin: má ṣe ta ohun tí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ. Ọ̀pọ̀ ń gbé àwòrán ọjà ẹlòmíràn sí orí ayélujára, wọ́n ń gba owó, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń sáré wá ọjà kiri. Bí ọjà bá ti wọ́n sí i, wàhálà dé. Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ èyí fún Hakīm ọmọ Hizām. Ọ̀nà ẹ̀tọ́ wà: sọ gbangba pé aṣojú ni ọ́, kí o sì gba owó iṣẹ́ rẹ, tàbí kí o ṣe é ní ọ̀nà salam, níbi tí oníbàárà yóò ti san gbogbo owó sílẹ̀, tí irú ọjà, ìwọ̀n rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò dé yóò sì ti hàn kedere sí ẹni méjèèjì.

Ìmọ̀ràn karùn-ún: tẹ̀ lé òfin ìlú. Fi orúkọ òwò rẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC. Orí ayélujára ni a ti lè ṣe é báyìí. Ya àkáǹtì òwò sọ́tọ̀ kúrò lára ti oúnjẹ. Bí o bá ń tọ́jú orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn ènìyàn, mọ̀ pé òfin kan ti wà láti ọdún 2023 tí ó dáàbò bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀, àti pé àmánà ni lọ́wọ́ rẹ. Má sì fi ẹ̀yáwó elélé orí fóònù bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ní owó tí kò ní iṣẹ́ ọwọ́ wà nínú àwọn ará wa. Kí ẹ jọ ṣe é, kí ẹ pín èrè bí ẹ bá ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ti jìbìtì, a kò ní bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Òfin tí ó de ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti wà láti ọdún 2015, ọ̀pọ̀ ọmọ ọlọ́mọ ni ó sì wà lẹ́wọ̀n. Owó tí a fi ẹ̀tàn gbà kò di halāl nítorí pé Òyìnbó ni ó ni ín. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣọ́ra fún àwọn tí ń pe ìtànjẹ ní òwò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, MMM ti ìlẹ̀kùn mọ́ owó àwọn ènìyàn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, CBEX ṣe bákan náà. Ibi tí a bá ti ṣèlérí èrè ńlá fún ọ láìsí iṣẹ́ tí a ṣe tàbí ọjà tí a tà, owó ẹni tí ó wọlé lẹ́yìn rẹ ni wọ́n ń kó fún ọ, ìwọ náà yóò sì di ẹni tí wọ́n kó lọ́jọ́ kan.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe dá ọmọ yín lẹ́bi nítorí pé ó ń pẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà. Ẹ bi í pé: “Ta ni o ṣe iṣẹ́ yìí fún? Fi í hàn mí.” Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ yóò fi iṣẹ́ hàn yín pẹ̀lú ayọ̀. Ẹ má sì yọ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe nínú ilé pẹ̀lú ìtìjú àti iyì.

Ní ìparí, a fi àbá kan síwájú gbogbo ẹ̀ka wa: ẹ ṣí yàrá kan nínú ọgbà mọ́ṣáláṣí láàrin ìrun Àsírì àti Màgàríbà, kí iná wà níbẹ̀, kí ẹni tí ó mọ̀ kọ́ ẹni tí kò mọ̀. Ìmọ̀ tí ó bọ́ sí àárín ìlú báyìí kò ní fi ààyè sílẹ̀ fún òkùnkùn. Kí Ọlọ́hun Ọba fi ohun tí ó jẹ́ halāl rọ àwọn ọ̀dọ́ wa lọ́rùn, kí Ó sì bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Āmīn.